Ọ̀rọ̀ Kan Tí Wọ́n Yọ Nínú Fíìmù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2025

Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, tó ń kọ́ wa ní Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà láràárọ̀ Sátidé, ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ ìlà kan. Ó ní kí n má wá ọ̀rọ̀ ńlá. Ó dáa. Èébú ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Brother Japheth wá sílé wa lónìí. Òun ni olórí ẹgbẹ́ eré ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun náà ló ń ya fídíò ìgbéyàwó gbogbo ará Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Ákíṣọ̀n lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe fíìmù. Fíìmù ìdílé, èyí tó ń gbé ọkàn ró — ó sọ ọ́ bíi pé ẹnì kan kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nípa ọmọbìnrin kan tó ní ọ́tísíìmù. Ó ní ọ̀wọ̀ àti àánú lòun máa fi ṣe é.

Àbúrò mi Ẹwàọlá wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní ọ́tísíìmù, kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀. Tábílẹ́ẹ̀tì ló fi ń sọ ohun tó bá fẹ́ — á tẹ àwòrán, ohùn obìnrin òyìnbó kan á sọ ọ́ jáde. Ọ̀gá Ákíṣọ̀n kò kí i. Ọ̀wọ̀ wà, àánú wà, "báwo ni" ni kò sí. Kábíyèsí — bẹ́ẹ̀ la ń pe Ẹwàọlá nílé, torí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un — wo bàtà ọkùnrin náà títí, ó wá tẹ tábílẹ́ẹ̀tì. Obìnrin òyìnbó ní: ó ti parí. Mo ní láti sá kúrò ní pálọ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì ní kí wọ́n wá yà á nílé wa. Wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu Ọ̀gá Ákíṣọ̀n kí n tó bínú. Mo ti bínú tán kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Wọ́n kéde fíìmù náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ rẹ̀: Ó Fọhùn Níkẹyìn. Orúkọ ti sọ ìparí ìtàn. Kí la tún fẹ́ jókòó wò?

Mo ka ìwé eré náà nínú bọ́ọ̀sì 472 láti Woolwich délé. Ogójì ojú ewé. Ọmọ ń mì síwá sẹ́yìn. Ìyá ń sunkún. Dùùrù. Bàbá ń sunkún nínú òjò. (Bàbá tiwa kò sunkún nínú òjò kankan. Manchester ló wà, ó máa ń fi káàdì ránṣẹ́ nígbà Kérésì.) Dùùrù. Olùkọ́ òyìnbó burúkú kan. Àdúrà. Dùùrù. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ọmọ gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀ lójú kòrókòró, ó ní: "Mọ́mì." Gbogbo ilé dojú bolẹ̀. Ó tán.

Bí irú fíìmù báyìí ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ kì í ṣe ènìyàn níbẹ̀, àdánwò ni. Wọ́n rán an wá sáyé kí àwọn yòókù lè di ènìyàn rere. Tí wọ́n bá ti di ènìyàn rere tán, wọ́n á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ — bí ẹ̀bùn ìdágbére.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ọ̀gá Ákíṣọ̀n fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù, ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí àánú. Mi ò gbọ́ ọ tán. Èmi kò ní àánú.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Delight, ọmọ pásítọ̀ wa, ló máa ṣe ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó rẹwà, ó sì mọ̀. Wọ́n rán an wá sílé wa lónìí kó wá kẹ́kọ̀ọ́. Lára ta? Lára Kábíyèsí.

Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, ó ń wo ọmọ ìyá mi bí ẹni ń wo ẹja nínú gíláàsì. Kábíyèsí ń to ìdérí ìgò rẹ̀: pupa, pupa, búlúù. Delight kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá báyìí ló ṣe máa ń ju ọwọ́ tàbí báyìí. Mo ní kó bi í.

"Ṣé ó máa dá mi lóhùn ni?"

Mo ní bi í ná. Kò bi í.

Ó wá béèrè nípa ojú. Ọ̀gá Ákíṣọ̀n ti sọ fún un pé ní ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹnikẹ́ni lójú. Ní ìparí, kó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ dáadáa, káwọn èèyàn lè mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ẹ gbà mí. Yorùbá ló kọ eré yìí. Yorùbá ló máa wò ó. Ilé Yorùbá wo ni ọmọ ti ń ranjú mọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n á sì máa yin Olúwa? Èmi tí mo bá wo Mọ́mì bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ìgbátí ni. Nígbà tí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé Ẹwàọlá kì í wo ènìyàn lójú, ìyá àgbà wa wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn. Mọ́mì ka ìwé náà fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní: "Ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ tó gbẹ̀kọ́ lẹ wá ń gbé kiri ọsibítù?"

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ nípa Ẹwàọlá, ìyẹn nìkan ni kò bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo fi ìparí fíìmù náà ṣeré. Mo di Delight. Mo gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, mo jẹ́ kí ètè mi máa gbọ̀n, mo ní "Mọ́mì", mo ṣubú kúrò lórí àga. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò gbé ilé kan pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ìṣẹ́jú kan báyìí. Mo ní irọ́ ni, irọ́ tí wọ́n bu ṣúgà lé. Kábíyèsí fẹ́ràn ìgbà tí mo ṣubú; ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, mo rò. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Wọ́n ya fíìmù nílé wa lónìí. Wáyà láti ẹnu ọ̀nà dé bàlùwẹ̀. Àwọn aládùúgbò lórí Yarnton Way ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ló wá kó wa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní bú lónìí: Faiz, ọmọ Plumstead tí wọ́n gbà láti di kámẹ́rà mú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gbohùngbohùn etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábíyèsí. Ó dúró. Kábíyèsí mú un, ó fi í sí etí. Wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ohun tí mi ò retí: Kábíyèsí gbádùn gbogbo rẹ̀. Mo jókòó, mo ń bínú nítorí rẹ̀, òun ń gbádùn. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ibí yìí nìkan láyé ni àwọn àgbàlagbà ti ń sọ gbólóhùn kan náà nígbà mọ́kànlélógún, tí wọ́n ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà ṣí firíìjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sínú ìwé dókítà. Ẹ tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe. Ọ̀gá Ákíṣọ̀n gan-an, tí a bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ṣé wọ́n á jẹ́ kó padà wálé?

Ní agogo mẹ́ta Kábíyèsí dìde lójijì, ó rìn wọ àárín eré, ó sún ife kan kúrò lápá ọ̀tún tábìlì sí apá òsì. Delight pariwo. Faiz wo ohun tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀. Apá òsì ni ife náà wà lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ọ̀gá Ákíṣọ̀n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa ife. Ó ní Olúwa fi ẹ̀bùn pàtàkì sínú ọmọ yìí. Lánàá àdánwò, lónìí ẹ̀bùn. Nítorí ife. Ọjọ́ wo ló máa jẹ́ Ẹwàọlá lásán?

Ọ̀sán ni wọ́n ya ìparí nílé wa. Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Èmi náà wà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Powis Street. Mi ò fẹ́ fojú ara mi rí i. Faiz ní Delight sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Mo ti pinnu. Ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Tí fíìmù yìí bá jáde bó ṣe wà, gbogbo ìjọ á máa wo ẹnu àbúrò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgbà wo ló máa là.

Mo kọ́kọ́ bi Kábíyèsí. Mo ní: ṣé o fẹ́ kí ọmọ inú fíìmù sọ̀rọ̀ ní ìparí? Ó tẹ Indomie. Mo tún bi í, díẹ̀díẹ̀. Indomie. Mo se Indomie.

Mo wá kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ìparí yìí. Ó dájú pé kò ní fara mọ́ ọn tó bá yé e. Mo ní tí wọn ò bá yọ ọ́, kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí wọ́n yà nílé wa. Mo fi ránṣẹ́ kí n tó tún un kà.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ọ̀gá Ákíṣọ̀n ní ká pàdé ní ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, kò ṣàwàdà. Ó bi mí ohun kan ṣoṣo:

"Sister Fèyí, ṣé o ti bá Mọ́mì yín sọ ọ́?"

Mo ní ẹnu kan la ní nílé wa. Ó fọwọ́ nu orí. Ó ní ó dáa, òun á yọ ọ́. Ìyá àti ọmọ á kàn jókòó pọ̀, ó tán. Wọ́n á tún wá orúkọ mìíràn fún fíìmù náà.

Mo borí. Mo rìn gba Powis Street kọjá bí ẹni tó ni ín.

Mo sọ fún Mọ́mì nílé, lẹ́tà àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ nǹkan gbẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, ẹ má bínú.

Wọ́n fi fíìmù hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Ní ìparí, ìyá àti ọmọ jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú wa, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, iná kú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ló ṣe é, mo ń sọ fún ara mi. Èmi.

Mo wẹ̀yìn. Àga Mọ́mì ti ṣófo.

Ọ̀gá Ákíṣọ̀n bá mi nídìí kúlà ìrẹsì. Ó bi mí pé ṣé Mọ́mì kò bínú. Mo ní kí ni wọ́n á ṣe bínú sí? Ó wò mí.

"Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn. Mọ́mì yín ló kọ ọ́. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ wọn, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún ọ. Ìwọ lo ní ẹnu kan lẹ ní."

Mo gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀. Mi ò rántí bí mo ṣe délé.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Ọ̀wàrà

Mọ́mì kò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Mo bá wọn ní kíṣìnì lọ́sàn-án, wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé — ọ̀wọ̀, ìjọ, bí àwọn fíìmù ṣe ń parọ́ mọ́ irú Ẹwàọlá. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní:

"Fèyí, mo mọ̀ pé ó lè má sọ̀rọ̀ láéláé. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀? Èmi ni mo bí i. Ohùn òyìnbó inú tábílẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń pè mí láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó yí i padà. Inú fíìmù ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan. Inú fíìmù, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́."

Mo ṣa èèpo àlùbọ́sà jọ sórí tábìlì.

Wọ́n gé àlùbọ́sà díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "O kọ ọ́ sí Japheth pé Ẹwàọlá ò fara mọ́ ọn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mo ní rárá. Mo ní Indomie ló ní òun fẹ́.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

Mo bọ́ síta, mo pe Faiz. Ó ṣì ní ìparí tí wọ́n yọ náà. Ó fi ránṣẹ́ kí n tó sọ ìdí: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mo fi fóònù lé Mọ́mì lọ́wọ́, mo kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Delight láti ọ̀ọ̀dẹ̀. "Mọ́mì." Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kábíyèsí kọjá lára mi, ó wọ kíṣìnì lọ. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti fa àga, ó jókòó ti Mọ́mì. Fóònù wà lórí tábìlì láàárín èèpo àlùbọ́sà. Bí fídíò náà bá ti tán, ìka Kábíyèsí ló ń tẹ̀ ẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀. Kò wo Mọ́mì. Mọ́mì náà kò wò ó.

Ó lè jẹ́ pé ohùn yẹn ló kàn wù ú. Mi ò ní kọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ó tún un tẹ̀. Ohùn náà pe "Mọ́mì". Mọ́mì dá a lóhùn.