Ọdún Tí Wọ́n Fẹ́ Kọ Sára Sìmẹ́ńtì

Ọjọ́ Ajé, 4 Fẹ́búárì 1957

Ìpàdé ẹbí lánàá. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní kí ààwẹ̀ tó wọlé, a gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú oórì bàbá mi tó wà lẹ́yìnkùlé, ká sì ṣe àdúrà ńlá fún un. Ogójì ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tó ti kú sójú ogun.

Kì í kúkú ṣe òkú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Irun orí rẹ̀ ni àti èékánná, ẹ̀tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé sílẹ̀ kó tó bá òyìnbó lọ jagun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé bí òun ò bá dé, kílé rí nǹkan sin. Oyún mi ló fi sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé ogun ti jẹ ẹgbẹ́ wọn tán, Bàbá Kékeré sin ẹ̀tà náà, wọ́n sì ṣú ìyá mi lópó. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi.

Iṣẹ́ tèmi: kí n wá ọjọ́ tí bàbá mi kú, kí Reuben bíríkìlà lè kọ ọ́ sára sìmẹ́ńtì. "Nùréènì, ìwọ lo mọ̀wé." Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá Kékeré yìí kan náà ló fárígá pé ilé kéwú tó ọmọ. Ìyá mi ló jà kí n lè lọ sílé ìwé. Wọn ò dáná fún Bàbá Kékeré fún ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó mú obìnrin tí kò mọ A jà tó bẹ́ẹ̀, n ò mọ̀ dòní.

Ọjọ́bọ̀, 7 Fẹ́búárì

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ojú-Tòmáàtì, òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ pákó wa n'Ìkẹjà. Mo wọ réluwé l'Ágége, ó di Ìddó. Ọ́fíìsì àwọn ológun. Akọ̀wé ibẹ̀ — Ọ̀gbẹ́ni Lọ-Kóo-Bọ̀ ni mo sọ ọ́ — ní kò sí Làsísì Àlàmú kankan lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní láyé ọjọ́un, orúkọ ìlú ẹni ni wọ́n ń kọ mọ́ orúkọ ẹni. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ìlú wa, Làsísì Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí n máa wá. Àwọn yẹn sì pọ̀ bí eṣú.

Èèyàn ó lọ jagun fún ọba tí kò fojú rí rí, wọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́! Ó ní kí n lọ, kí n bọ̀.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Mo lọ. Ó ní kí n tún lọ, kí n tún bọ̀. Orí ló kó o yọ lọ́wọ́ mi lónìí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 1 Máàṣì

Wọ́n rí i. Wọ́n kọ ilà ojú rẹ̀ síbẹ̀, gọ̀ǹbọ́, àti àpá iná tó wà lápá òsì rẹ̀. Ìyá mi ti máa ń sọ̀rọ̀ àpá yẹn tipẹ́. Òun ni, kò sí àní-àní.

Mo ní kí Lọ-Kóo-Bọ̀ ka ọjọ́ ikú rẹ̀ fún mi. Ó ní kò sọ́jọ́ ikú níbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, oṣù kẹta ọdún 1919, ara rẹ̀ le. Bàbá mi tẹ̀ka síbẹ̀. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ akọ̀wé, mo fojú ara mi kà á. Mo tún un kà.

Kò kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì

Ìtàn akúdàáyà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kò sọ́mọ ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Kékeré ló máa ń sọ ọ́ fún wa: ọdún tó tẹ̀lé ọdún 1918 tí wọ́n sin ẹ̀tà, lásìkò Mọ́gàríbì, akúdàáyà bàbá mi wá sẹ́nu ọ̀nà wa yìí, nínú kóòtù sọ́jà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó tọrọ omi. Ó ń pe ìyá mi, "Sùlíyá! Sùlíyá!" Bàbá Kékeré fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń ké kéwú kíkankíkan títí ó fi lọ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, gbogbo wa á máa gbọ̀n. Èmi a fi ẹní bo orí.

Mo ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ tèmi náà, kí wọ́n má baà máa ṣeré níta bílẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo fi bàbá mi dẹ́rù ba ọmọ ọmọ rẹ̀.

1919. Ọdún kan náà!

Ta ni kò mọ ìṣe akúdàáyà? Ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n ló ń gbé. Tó bá fojú kan ará ilé rẹ̀, á pòórá. Kì í wá sílé, ilé ló ń sá fún. Èwo wá ni ti akúdàáyà tí òùngbẹ ń gbẹ? Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, àwọn àgbà ní ọjọ́ kan lòótọ́ yóò lé e bá. Tiwa ju ogún lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Èmi alákọ̀wé náà ò béèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Máàṣì

Mo lọ bá Bàbá Kékeré ní yàrá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí n tó la ẹnu. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé òyìnbó a máa ṣì. Nígbà tó yá wọ́n ní kádàrá ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà, ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún òkú tí òun fọwọ́ ara òun sin? Mo ní ṣé wọ́n rójú rẹ̀. Ìyẹn bí wọn nínú. Ṣé ọmọ tí àwọn tọ́, tí àwọn fẹ́yàwó fún, ni yóò wá máa pe àwọn lẹ́jọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. Wọ́n wá ní:

"Mo dì í lọ́wọ́ mú kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná."

Mo dìde. N ò dágbére. N ò sì ní "wọ́n" fún un mọ́ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Máàṣì

Ó gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo dá a padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Pé ọkùnrin yìí rẹ́ àwa méjèèjì jẹ. Mo ń retí kí wọ́n figbe ta. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn ò dáṣẹ́ dúró.

Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ta ni ò ní mọ ohùn ọkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n oyún Láídé àbúrò mi ti yọ sí wọn lára nígbà náà. Oyún Bàbá Kékeré. Wọ́n ní ojú wo làwọn ó fi wo ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú oyún àbúrò nínú? Nígbà tí Bàbá Kékeré kúrò nídìí ilẹ̀kùn lọ ṣàlùwàlá, ìyá mi lọ dúró síbẹ̀. Bàbá mi ò tíì lọ. Kò pariwo mọ́.

"Sùlíyá, kí lo bí?"

Ìyá mi ní ọkùnrin ni.

"Fi í sílé ìwé."

Ó dúró díẹ̀ sí i, ni ìyá mi bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

"Òkú kì í béèrè ọmọ, Nùréènì," ni wọ́n wí, wọ́n sì dojú kọ ẹ̀wà wọn.

Mo ti kó gbogbo ìbínú mi jọ fún ẹnìkan ṣoṣo. Níbo ni kí n wá gbé e sí báyìí? Àní kálámù tí mo fi ń kọ èyí, bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò sì fún un lómi!

Ọjọ́ Ajé, 18 Máàṣì

Mo ń yẹ ojú gbogbo arúgbó onígọ̀ǹbọ́ wò lọ́nà Oko Ọba. Ó lè jẹ́ pé mo ti kí i rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Máàṣì

Reuben dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàbá Kékeré ránṣẹ́ jáde pé kó kọ 1918, kí ọ̀rọ̀ ó parí. Ẹbí ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n má tú ilé síta fún aráyé wò. Ilé wo? Ilé tó lé onílé!

Láídé wá láti Ọ̀gbà, ó ń sunkún. Ó ní inú òun náà bàjẹ́, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, kí ni wọn ì bá ti fi òun ṣe? Àbúrò mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Reuben ní Ọlọ́run Àdúrà ò jẹ́ kóun dá sí ìjà onílé. Nígbà tó dán sìmẹ́ńtì náà tán, ó kúrò níbẹ̀. Mo mú ìṣó, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ kó tó gan.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Máàṣì

Àdúrà wáyé. Àlùfáà rí ohun tí mo kọ, ó tún láwàní rẹ̀ ṣe, ó ní ká tọrọ àánú fún Làsísì níbikíbi tó bá wà, láàyè tàbí lókùú. A ṣe àmín. Bàbá Kékeré ò jáde. Yóò kúkú jáde lọ́la. Ẹ̀yìnkùlé yìí náà ló ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí láràárọ̀.

Nígbà tí èrò túká, ìyá mi ní kí n ka nǹkan tí mo kọ sétí àwọn. Mo kà á:

LÀSÍSÌ ÀLÀMÚ, SỌ́JÀ. Ó DÉ LỌ́DÚN 1919. A Ò ṢÍLẸ̀KÙN.

Wọ́n wọlé lọ. Mo rò pé wọ́n ń bínú ni. Wọ́n gbé omi jáde nínú ife, wọ́n gbé e ka orí sìmẹ́ńtì náà, wọ́n sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Nùréènì."

Mo wọlé. Inú ṣì ń bí mi.