Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Nínú Àpótí Ẹja Mi

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ṣówándé,
                                        Ọgbà, Ìkẹjà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Tìjání, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọ̀gbẹlẹ̀, mo kí ọ kú àfaradà oòrùn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa, Ìyá Shukurat, ńkọ́? Orókún ọ̀tún yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, àbí òun ló ṣì ń pàṣẹ? Ara tèmi le bí ẹ̀rọ tuntun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí láàárín àwọn tó kàwé.

Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀, kí o jókòó. Ṣé o rántí pé nígbà tí à ń sọ ọmọ Afeez ọmọ rẹ lórúkọ, o wí lójú gbogbo èèyàn pé Etí-Ajá ti di etí ìkòkò? Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé ọkàn. Ìwọ lo fún mi lórúkọ Etí-Ajá nílé iṣẹ́ wa ní Ìlúpéjú, nígbà tí mo máa ń ti ẹnu géètì gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn. Etí ti ń wúwo báyìí, n kò jiyàn.

Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé lóṣù Kìíní, Hàmdálàt àkọ́bí mi gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ oníbàárà kan ló ń ké, n kò gbọ́, bẹ́líìtì já, ó fọ́ fèrèsé. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n jókòó sílé. Kó lè fi tù mí nínú, ó gbé àpótí dígí gbàǹgbà kan sí pálọ̀, ó da omi oníyọ̀ bíi ti òkun sí i, ó kó òkúta oníhò láti òkun sínú rẹ̀, ó wá fi ẹja márùn-ún sí i. Ó ní kí n máa wo ẹja. Èmi Yẹ̀kínì, tí mo fi ìwé mẹ́ta péré tí mo kà kọ́ ilé alájà méjì, kí n máa wo ẹja.

Mo ṣáà ń wò wọ́n. Kí n má parọ́ fún ọ, wọ́n wọ̀ mí lójú. Ọ̀kan pupa bí ọsàn tó pọ́n, ó ní ilà funfun mẹ́ta lára, mo sọ ọ́ ní Onípẹ́lẹ́. Tí mo bá ti jókòó, á wá síwájú dígí wá kí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Onípẹ́lẹ́ kò wá mọ́. Ó lọ́ mọ́ igun kan, kò jẹun, lẹbẹ́ rẹ̀ ya, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ṣí. Hàmdálàt pe Fọlábí, ọmọkùnrin tó ta àwọn ẹja náà fún un ní Opebi. Fọlábí yẹ omi wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pé. Ó ní àrùn awọ ara ni, ká da oògùn sí i, àti pé bí kò bá gba oògùn, kò ní lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Mo ní, "Fọlábí, sinmi ná. Irú àrùn wo ló ń jẹ ẹ̀gbẹ́ òsì tí kò kan ọ̀tún? Omi kan náà ni àwọn mẹ́rin yòókù wà, ara wọn ń dán. Láràárọ̀ ni mo ń rí ojú ọgbẹ́ tuntun. Àrùn kọ́ nìyí, ẹnìkan ló ń lù ú."

Hàmdálàt ní, "Bàbá, ta ló ń lù ú? Ẹ̀yin tẹ́ ò gbọ́ bẹ́líìtì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo bi í pé bí mo bá rí ẹni tó ń lu ẹja yìí, ṣé yóò dá kọ́kọ́rọ́ mi padà? Ó wo Fọlábí, Fọlábí wo ilẹ̀. Ó ní ó dáa.

Mo wọ yàrá lọ mú sukudíráíbà gígùn yẹn, èyí tí igi ìdìmú rẹ̀ ti dúdú. O mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n pa pọ́ńpù omi. Mo fi ẹnu irin náà ti dígí, mo fi ìdìmú rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí mi, bí a ti ń ṣe sí ẹ̀rọ. Lókè, kò sí nǹkan. Lápá ọ̀tún, kò sí nǹkan. Mo sún un sísàlẹ̀, síbi òkúta ńlá tí Onípẹ́lẹ́ ń sùn sí. Kọ́. Mo di èémí mú. Kọ́, kọ́.

Fọlábí ní pọ́ńpù ni. Mo ní, "Pọ́ńpù tí o fọwọ́ ara rẹ pa? Pọ́ńpù a máa kùn ni, kì í kanlẹ̀kùn." Mo gbé ìdìmú náà sí ẹ̀yìn etí Hàmdálàt. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bàbá, nǹkan wà níbẹ̀."

A gbé òkúta náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. N kò ní fi ẹ̀tọ́ Fọlábí dù ú, òun ló mọ̀ pé bí a bá da omi tí iyọ̀ rẹ̀ ki gan-an sínú àwọn ihò yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ kò ní lè fara dà á. Ní ihò kẹta, ó já jáde: edé kan tí kò gùn ju ìka mi lọ, ara rẹ̀ rí bí ewé, ó ká apá méjèèjì sáyà bí abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò. Ó gbá ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ́. Fọlábí fò sẹ́yìn, ó tẹ Hàmdálàt lẹ́sẹ̀. Ó ní inú òkúta ló bá wá láti òkun, pé òun ti ń gbọ́ nípa irú rẹ̀, òun kò rí i rí. Mo ní kó gbé edé náà àti àrùn awọ ara rẹ̀ dání, kó máa lọ.

Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ò tilẹ̀ fojú rí i, Tìjání, eegun ni mo fi gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Onípẹ́lẹ́ ti ń jẹun. Lánàá ó wá síwájú dígí, ó kí mi. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀ bí mo ti ń kọ ọ́, kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Àdéhùn kan ṣoṣo ni Hàmdálàt bá mi ṣe: n kò gbọdọ̀ fi etí lásán gbọ́ ẹ̀rọ mọ́, sukudíráíbà ni. Mo gbà.

Mo ti sọ ọ́ káàkiri Ọgbà pé èmi nìkan ni mo mọ ọgbọ́n yìí. Ìwọ nìkan ni n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ta ló gbé ìdìmú yẹn sí ẹ̀yìn etí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ní etí lè tan èèyàn, eegun kì í tanni? Sukudíráíbà rẹ náà ni. O yá mi lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì dá a padà. Má bèèrè rẹ̀.

Bá mi kí Ìyá Shukurat dáadáa, kí o sì kí orókún rẹ. Sọ fún Afeez kó pe gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ jọ, kó ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, títí kan orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, láti Ìlúpéjú títí dòní,

Yẹ̀kínì Etí-Ajá.