Ẹ̀rọ Tí Ẹ Ní Kí N Tà

Ìjẹ̀bú-Òde

Bọ̀dá mi Rídwàn,

Àsàlámù aláékùm. Ìyá wa ń kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí. Ìyàwó yín ń kí yín. Hikmah ọmọ yín náà ń kí yín, ó ti ń parí Kùránì lọ.

Bọ̀dá, ẹ̀rọ lésà tí ẹ fi ń gé pákó, tí ẹ ní kí n tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, mi ò tà á. Gáàsì inú ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ ló tán. Mo rọra ṣí ẹnu ọ̀pá náà, Albert tó ń tún fíríìjì ṣe ní Òdogbolú bá mi fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, a wá rọ gáàsì tuntun sí i, mo sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó kọ́kọ́ tanná, ó sì kú, torí atẹ́gùn ń jò wọlé níbi tí mo lẹ̀. Mo tún un lẹ̀. Ní báyìí, ó ń gé pákó bí ẹni gé ẹ̀kọ tútù.

Ìyá ní, “Ràmọ́tà, o ò bẹ̀rù iná?” Mo ní mo bẹ̀rù, òun ló jẹ́ kí n máa ṣe jẹ́jẹ́. Ìtànṣán tó fi ń gé pákó kì í hàn sójú, ó sì lè fọ́ni lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra jígí tó ń dáàbò bo ojú, kí ẹ fọwọ́ ara yín mú un bọ̀.

Wàláà pákó tí Hikmah máa gbé lọ́jọ́ wòlímọ̀ Kùránì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi gé. Orúkọ rẹ̀ àti tiyín ti wà lára rẹ̀. Áfáà ní àwa la máa mú ọjọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín, òtútù ibẹ̀ ò ní mú yín.

Mo ti fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lára wàláà náà. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa délé, kí n kọ ọ́ sí i.

Àbúrò yín,
Ràmọ́tà