Sùtánà Bàbá Fìyìn

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́solú,
Olódò, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá yín ti fún wọn láyè láti rìn? Àwọn adìẹ rẹ ńkọ́, àbí wọ́n ti kú tán? Ṣé ara ọkọ rẹ, Bàbá Sanmí, le? Nítorí tiwọn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí Bàbá Fìyìn ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

O rántí pé dókítà rí kókó ẹran kékeré nínú ìfun ọkọ mi àti ti àbúrò rẹ̀, Gbọ́njúbọ́lá. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Dókítà ní wọ́n lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé e bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n fi iná mọ̀nàmọ́ná sí wáyà náà kí ó máa jó o bó ti ń gé e. Méjèèjì ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún èyí tó kéré báyìí, ó ní gígé láìsí iná ni ewu rẹ̀ kéré jù, torí iná lè jó wọnú ìfun, kí ẹ̀jẹ̀ wá ya lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Gbọ́njúbọ́lá gbà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, ó dá lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń ta ata lọ́jà Ṣáṣá.

Ọkọ mi ńkọ́? Ẹni tí kò di ọkọ́ mú mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò lábúlé wọn ní Lágelú, ó di àgbẹ̀ lójú dókítà! (Má wò mí pé mo ń pè é ní “ó”. Inú ń bí mi.) Ó ní, “Oko tí a ṣán tí a ò sun, ṣé kò ní í tún hù ni? Ẹ sun ún!” Dókítà ní, “Bàbá, ìfun yín kì í ṣe oko.” Ó fìbínú jáde. Ó ní òun tí òun ń pe iná Ẹ̀mí Mímọ́ lójoojúmọ́, ṣé iná wáyà ni òun ó wá máa sá fún? Ó wá ilé ìwòsàn tó gbà fún un. Wọ́n jó o. Ló bá ń yan kiri, ó ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé tirẹ̀ máa tó rúwé.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń gbàdúrà níwájú ìjọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀yìn sùtánà rẹ̀. Mo fà á láṣọ. Ó ní ìwẹ̀nùmọ́ ni! Ó ń bá àdúrà lọ títí ó fi ṣubú. Ṣìkẹ́mi, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti di opó. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára, wọ́n sì fi irin kékeré kan fún ojú egbò náà pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá.

O rò pé ó gbọ́n? Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán sí i lára tó fi pe Bàbá Sanmí, pé bí wọ́n bá lọ yọ kókó tiwọn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iná ni kí wọ́n ní àwọn fẹ́. Mo sì gbọ́ ohùn Bàbá Sanmí ketekete: “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi.” Kí ló yé wọn?

Bá mi kí Sanmí àti ìyá yín. Gbọ́njúbọ́lá kí ọ. Ó ní ata rẹ wà nílẹ̀.

Sùtánà náà ló wà nínú ọ̀rá dúdú tí awakọ̀ máa gbé fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Mi ò fọ̀ ọ́. Kí ìwọ náà má fọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Bàbá Sanmí ń sùn sí. Bí wọ́n bá wò ó tán tí wọ́n ṣì ní iná ni àwọn fẹ́, kí wọ́n kúkú wọ̀ ọ́ lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Àdúràọlá