Ibi Tí Kànga Wà

Ìyá Kamilah,

Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, òrùlé wa tó ń jò, yìnyín Glenarden ní Amẹ́ríkà níbí yìí: wọn kì í jẹ́ kí n sùn. Ara mi le ṣá.

Aṣọ ìfikọ́giri kékeré tí mo ń fi ègé ìró rẹ rán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ilé wa ní Ìsẹ́yìn ni mo rán sí i. Ó ku kànga, mi ò sì rántí apá ibi tó wà. Mo bi Kamilah. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ." A jọ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó nìkan lọ jókòó sínú mọ́tò.

Má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mo fẹ́ wá fojú ara mi rí i. Bá mi kí ará ilé. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ni n ó gbéra.