Ọ̀rọ̀ Kóòṣì Minamiura Rú Mi Lójú

Chigusa ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ará òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé alájà mẹ́rìnlá yẹn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé òtútù Osaka kò tíì máa bù yín jẹ? Kí iṣẹ́ má pọ̀ ju agbára rẹ lọ, kí ọkọ̀ ojú irin tí ò ń wọ̀ láràárọ̀ máa gbé ọ lọ, kó máa gbé ọ bọ̀ láìséwu. Láàárọ̀ yìí mo bu ìrẹsì gbígbóná síwájú àwòrán olóògbé ìyá rẹ, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ, mo sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Nítorí náà bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí kò yé ọ, má dààmú, kò yé òun náà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ nítorí fóònù. O pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o pè mí lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Fóònù náà wà nínú páálí aṣọ òtútù ní gbọ̀ngàn ìlú, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi jù ú síbẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n dá a padà fún mi, ó ti kú. Mo fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ara rẹ̀ lè yá, kò jí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láàárín, èmi gan-an á sọnù.

Ọsàn ti pọ́n. Ó so lọ́dún yìí débi pé mo ní láti fi ọ̀pá gbé àwọn ẹ̀ka kan ró. Àwọn ìmàdò ti jẹ ọsàn ọ̀wọ́ igi ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń yan èyí tó dùn jù, wọ́n ń fi èyí tó kan sílẹ̀ fún mi. Orúnkún mi gbà kí n máa gun òkè, kò gbà kí n máa sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí mo ti ń ronú ẹni tó máa bá mi ká ọsàn ni ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè wa wá. Á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó fi ìbòmú funfun bo ẹnu àti imú, ó fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó sì ń rìn bí ẹni tí ohun kan bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó kí mi, ó ní ṣé òun lè jókòó díẹ̀. Mo ní jíjókòó kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sínú oko olóko lásìkò ìkórè, kí ọwọ́ rẹ̀ má jókòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi.

Chigusa, ọkùnrin yẹn mọ ọsàn ká! Ó ń gé e lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà, kí igi ìdí rẹ̀ má baà gún èkejì nínú apẹ̀rẹ̀. Mo bi í lórúkọ, ó ní Tachikawa. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní òun ń wo àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń sáré. Mo ní ṣé wọ́n ń sáré dáadáa. Ó ní wọ́n ń sáré o, wọn ò kàn dé ibẹ̀ ni. Mo rò pé olùkọ́ ilé ìwé ni. Láti oṣù kẹsàn-án, gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń wá, kì í gba nǹkan kan ju ọsàn mẹ́ta lọ.

Ìgbà tí mo lọ gẹrun ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọlé. Ninomiya onígbàjámọ̀ gbé abẹ sí etí mi, ló bá pariwo pé Minamiura fẹ́ já o, Minamiura fẹ́ já sísàlẹ̀! Mo fò dìde, mo ní ṣé òkè ìlú wa tún ti fẹ́ ya bíi ti ọdún òjò yẹn ni, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré lọ gbé àwòrán ìyá rẹ jáde. Ó ní Bàbá Kadowaki, ẹ jókòó, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ni mò ń sọ. Ó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti pàdánù léra wọn, pé bí wọ́n bá tún pàdánù díẹ̀ sí i wọ́n máa já sí ìpele tó jẹ́ pé ẹyẹ òkun nìkan ló ń wòran níbẹ̀, pé kóòṣì ló fà á, pé olóríkunkun ni, pé Hamaguchi tó yẹ kó máa gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ló lọ fi sẹ́yìn bíi mẹ́gàádì.

Ìyá Isogai tó ń fi ẹ̀wà ṣe tófù tà gbé ọjà ti Ninomiya wá lákòókò yẹn. Ó bi í pé ṣé orí kóòṣì ló ń gẹ̀ ni àbí ti Bàbá Kadowaki, torí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ létí mi. Ó ní bí wọ́n bá lé kóòṣì, ṣé Ninomiya ló máa lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́? Ninomiya ní abẹ òun sàn ju ẹgbẹ́ náà lọ, ó kéré tán ó ń gé nǹkan. Ìyá Isogai ní ẹni tó bá ṣí tófù kó tó dì, omi ẹ̀wà ló máa mu, kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ninomiya ní omi ẹ̀wà ni gbogbo ìlú ti ń mu láti oṣù kẹjọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sí ara wọn lójú nìyẹn, èmi sì wà láàárín pẹ̀lú irun apá kan.

Ohun tí kò yé mi ni pé ènìyàn mọ́kànlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ṣoṣo tí kì í fẹsẹ̀ kàn án rárá ni wọ́n sì fẹ́ lé. Mo ní bí ọsàn bá kan, ṣé àkàbà la máa ń lé kúrò lóko? Ninomiya ní kí n má mi orí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Tachikawa. Nígbà tó kan ti Hamaguchi tí wọ́n fi ṣe mẹ́gàádì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ sì fọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu onígbàjámọ̀ yẹn. Mo ní ṣé ó mọ kóòṣì náà ni. Ó ní òun ń rí i nínú dígí láràárọ̀. Dígí ọkọ̀ ni mo rò pé ó ń sọ. Ó ní ó ti rẹ kóòṣì náà, oorun kì í kùn ún mọ́, pé bó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá kúkú máa ká ọsàn títí ọdún tuntun. Mo ní ṣe ni kí wọ́n lé e nígbà náà, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ wà. Ó wò mí, ó ní Bàbá, ẹ bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Bí mo ṣe di ẹni tó lọ ìpàdé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà ní gbọ̀ngàn ìlú nìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn kún. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, fi fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sórí àga, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin kan wà lórí rẹ̀ bí ibi tí èèrà ń gbé. Ó ní kí kálukú fi fóònù rẹ̀ dìbò, lé e tàbí fi í sílẹ̀, kí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tó jókòó. Mo wá àpótí ìbò kiri, mo rí páálí ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi èdìdì tí mo fi ń fọwọ́ sí ìwé tẹ àárín ilé èèrà náà, mo fi fọ́ọ̀mù wé fóònù mi, mo jù ú sínú páálí. Mo rí i pé àwọn yòókù kàn ń fi ìka ra ojú fóònù tiwọn. Mo rò pé wọ́n ń dágbére fún un.

Ninomiya sọ̀rọ̀, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Isogai sọ̀rọ̀, ó ní ta ni wọ́n máa rí lásìkò yìí, pé èyí tí a ní yìí kò dára lóòótọ́ ṣùgbọ́n a ti mọ bí kò ṣe dára tó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Apẹja kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n lé gbogbo wọn, títí kan bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé wá ní kóòṣì fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ wá gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan wọlé, ó ṣí fìlà, ó yọ ìbòmú.

Mo dìde, mo ní Tachikawa! Kí lo wá ṣe níbí, ṣé ìwọ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí ni?

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Isogai fa ẹ̀wù mi, ó ní Bàbá, kóòṣì nìyẹn. Orí mi fò lọ. Mo fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti fi gbohùngbohùn sí mi lọ́wọ́ torí pé mo wà lórí ìdúró. Kí ni kí n ṣe? Ohun tó ní kí n bá òun sọ ni mo sọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ. Mo ní ọkùnrin yìí ń gé ọsàn lẹ́ẹ̀mejì, kì í ya ẹ̀ka, kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa, ó sì sọ fún mi pé oorun kì í kun kóòṣì. Mo ní ẹ lé e kó lọ sùn, bó bá jí kó wá bá mi.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni páálí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìwọ lò ń pè. O pẹ́ lórí rẹ̀, ọmọ mi, n kò sì mú un jáde, torí a kì í mú ìbò jáde kí wọ́n tó kà á. Tachikawa tẹrí ba fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gan-an, ó sì jáde.

Ìbò mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní kí wọ́n lé e, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn ò ka tèmi. Wọ́n ti gbé páálí lọ sílé àwọn arúgbó, níbi tí wọ́n ti ń pín aṣọ. Lọ́jọ́bọ̀ àwọn olórí ẹgbẹ́ kéde pé àwọn ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ninomiya gẹrun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ mi ló fi ìbò mẹ́rin kún tàwọn. Ìyá Isogai náà ní ọ̀rọ̀ mi ni, ó sì ta tófù tí igun rẹ̀ ti fọ́ fún mi. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí nǹkan kan rí àfi èyí. Mo jókòó sílé, mo ń bi ara mi pé ṣé ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà là ni àbí èmi ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìdáhùn, kó sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó gun òkè wá láìsí ìbòmú. Mo tẹrí ba fún un, èmi àgbàlagbà, mo ní kó foríjì mí, mo ní ìbò mẹ́rin wà lọ́rùn mi. Ó ní Bàbá, ẹ dìde. Ó ní àwọn kan fẹ́ kí òun lọ, àwọn kan fẹ́ kí òun dúró nítorí pé wọn ò rí ẹlòmíràn, nínú gbogbo wọn ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé ẹ fẹ́ òun.

Àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, igbákejì kóòṣì ló dúró sípò rẹ̀. Lókè oko wa, Tachikawa kọ ẹ̀yìn sí pápá, ó ń ká ọsàn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti èbúté. Lójijì ariwo gbéra nísàlẹ̀, ó gun òkè wá bá wa bí omi òkun. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè. Ó ní Hamaguchi ni. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀, ó ní apá ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni Hamaguchi máa ń sá wọlé bí wọ́n bá fi í síwájú. Mo tan rédíò. Hamaguchi ni, orí ló fi kàn án wọlé. Ọkùnrin náà ní onígbàjámọ̀ yẹn mà tọ̀nà o, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀ sórí ọsàn. Mo bó ọsàn kan, mo fún un ní ìlàjì, mo jẹ ìlàjì. A dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, a wá parí ọ̀wọ́ náà.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Tachikawa, àlùmọ́gàjí mi sì ti bó o ní ìka. Jọ̀ọ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó yen ránṣẹ́ kí n ra ti ọlọ́wọ́ òsì fún un. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì, torí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sókè kedere, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ní ó ti tó, Bàbá.

Bí ẹnikẹ́ni ní Osaka bá bi ọ́ pé ṣé bàbá rẹ ni wọ́n ní ó lé kóòṣì Minamiura, sọ fún wọn pé ó gbà á síṣẹ́ ni.

Ara rẹ á le, ọmọ mi. Oorun kò ní wọ́n lójú rẹ. Ibi tí wọ́n á ti sọ pé àwọn ò fẹ́ ọ kò ní pọ̀ tó ibi tí wọ́n á ti nawọ́ sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kadowaki Yasaburo