Rédíò Tí Ẹ Béèrè Lẹ́ẹ̀mẹta

Dádì mi,

Mo ti ra rédíò náà. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kí n tó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ti wà lára maṣíìnì yín, alùpùpù ńlá yẹn, báyìí, ó ń sọ̀rọ̀, sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ṣiṣẹ́, àfi ti ẹ̀yìn lápá òsì tí ohùn rẹ̀ máa ń ha díẹ̀ bí a bá bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù.

Ọ̀sán Sátidé ni mo ń kọ èyí. Mọ́mì ń sùn ní pálọ̀. Bírò pupa wọn ni mo fi ń kọ ọ́, torí òun nìkan ni mo rí. Òun náà ni wọ́n fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé wọn, òun ni wọ́n sì fi ń máàkì Yorùbá tèmi láti oṣù méjì tí mo ti dé. Wọn ò ní rí lẹ́tà yìí ṣá. Bí àmì ohùn bá ṣìnà níbì kan, ẹ bá mi fojú fò ó.

Lẹ́tà yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Yorùbá lẹ fi máa ń kọ ọ́, ojú ewé méjì-méjì, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìyá mi àtàtà, torí ẹ gbà pé èmi ni ìyá yín tó padà wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò yín, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó pé mẹ́rìnlá, Yorùbá ti di nǹkan tí mò ń gbọ́ lẹ́nu Àǹtí nígbà tí inú bá ń bí wọn nìkan. Bí lẹ́tà yín bá dé, mo máa ń ka ìlà àkọ́kọ́, mo máa ń wo orúkọ yín nísàlẹ̀, mo sì máa ń jù ú sínú agolo bisikíìtì. Mo rò pé àdúrà àti múra-síwèé-rẹ ló kún gbogbo àárín rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi máa ń dá yín lóhùn. Ẹ ò bá mi wí rí. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Ibi ìsìnkú yín lójú ti tì mí. Àwọn èèyàn ń kí mi ní oríṣiríṣi, ẹ ṣé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dáhùn. Ìyá àgbàlagbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ yín títí, wọ́n ń sunkún, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ títí dòní. Nígbà tí mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo gbé agolo náà sílẹ̀, mo to lẹ́tà yín bí wọ́n ṣe dé tẹ̀léra wọn, mo yá ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí àkọ́kọ́ gbà mí ní odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù ń gorí oṣù kí n tó dé àwọn mẹ́rin tí ẹ kọ ní ọdún méjì tó ṣáájú ikú yín. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ rédíò.

Nínú àkọ́kọ́, ẹ ní rédíò tó bá maṣíìnì wá láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú, pé òjò ló wọ̀ ọ́ lára, pé wọ́n ti tú u, wọ́n ti dì í, kò fọhùn, ṣé mo lè bá yín wo ọjà lọ́hùn-ún. Nínú ìkejì, ẹ fi rúlà wọn ihò rẹ̀, ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ẹ kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ sí i. Mo rí àwòrán yẹn lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé. Mo rò pé fèrèsé ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Igando ni. Nínú ìkẹta, ẹ ní kò kánjú o, àmọ́ ojú Mọ́mì ń tì yín, pé wọ́n ń jókòó sẹ́yìn yín láìsí orin láìsí ìròyìn, bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sílé ẹjọ́. Nínú ìkẹrin, tó jẹ́ ìkẹyìn, ẹ ò mẹ́nu bà á mọ́ rárá.

Ìkẹrin yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé ẹ ti bínú ni? Ṣé ẹ ti sọ lọ́kàn yín pé ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun, ó sì sọnù síbẹ̀? Mi ò lè bi Mọ́mì, torí mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mi ò ka lẹ́tà yín. Títí di àárọ̀ òní, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò pé ó kàn wù mí láti gbé rédíò wá ni.

Mo bá maṣíìnì náà níbi tí ẹ gbé e sí, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Egbeda, tapólì lórí rẹ̀. Mo ṣì ń rántí ọjọ́ tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún yín nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀, tí àdúgbò wá ń wò ó: ó tóbi bí ẹṣin, gíláàsì níwájú, àpótí mẹ́ta lẹ́yìn, ìjókòó tí ẹni ẹ̀yìn lè fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọdé ò wo ẹ́ńjìnnì o. Rédíò la wá wò.

Ẹ ò mọ̀ pé mo gba láísẹ́ǹsì maṣíìnì lọ́hùn-ún. Mo fi pamọ́ fún yín nítorí mo rò pé ẹ ó ní obìnrin kì í ṣerú ẹ̀. Àbí inú yín ì bá dùn? Ní Egbeda ṣá, wọn ò jẹ́ kí etí mi sinmi. Àwọn ọlọ́kadà ibi bọ́ọ̀sìtóòpù ti sọ mí di Ọ̀gá. Ọ̀kan ní kí n wá fẹ́ òun, kí n máa wa òun kiri, kí òun lè sinmi.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Gàníyù rewáyà ni mo gbé e lọ, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Wọ́n mọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ kì í kí èèyàn tán kí ẹ tó fa aṣọ yọ láti máa nu gíláàsì. Nígbà tí wọ́n yọ rédíò àtijọ́ jáde, inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ìpẹtà ti jẹ wáyà, ọmọńlé kan sì ti yé ẹyin méjì síbẹ̀. Bọ̀dá Gàníyù bi mí bóyá ká fún un ní kúìtì nótíìsì tàbí ká jẹ́ kó lo oṣù tó kù.

Rédíò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo rà, kò kún ihò náà. Wọ́n gé páànù dí etí rẹ̀, wọ́n fi fáìlì fá a, wọ́n kùn ún ní dúdú. Ó ku wáyà. Wáyà iná méjì ló ní. Pupa máa ń jí nígbà tí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́. Yẹ́lò gbọ́dọ̀ máa gba iná lára bátìrì tọ̀sán-tòru, kí rédíò má baà gbàgbé ibi tí wọ́n yí i sí. Bọ̀dá so méjèèjì mọ́ kọ́kọ́rọ́. Rédíò sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo pa á, mo tún tàn án, ó ti gbàgbé gbogbo stéṣọ̀n, aago rẹ̀ ti padà sí òdo. A tò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo ìwé tó bá a wá, mo fi ìka tọ́ka sí yẹ́lò. Bọ̀dá tú u, wọ́n so ó mọ́ bátìrì, wọ́n ní bí èèyàn bá sùn tí wọn ò fún un lóúnjẹ, báwo ló ṣe máa mọ ilé tó bá jí. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ni a ò rí so: bọ́tìnnì ara ọwọ́ maṣíìnì lápá òsì, èyí tí ẹ máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ láti dín ohùn rédíò kù. Ti àtijọ́ ló ń gbọ́ tirẹ̀, tuntun ò mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá fẹ́ yọ ọ́ dànù, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Àmì orí rẹ̀ ti pa rẹ́, ibi tí ọwọ́ yín ń bà sì ti jẹ wọlé díẹ̀.

Láàárọ̀ òní, mo ní kí Mọ́mì jẹ́ ká lọ wo ilé Igando, bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa ń ṣe ní Sátidé. Wọn ò tíì gun maṣíìnì náà látìgbà tí ẹ ti lọ. Wọ́n lọ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, wọ́n dé akoto wọn, wọ́n sì gùn ún.

Mo tan rédíò kí a tó jáde ládùúgbò. Ìròyìn ni, lẹ́yìn náà orin. Mo gbé e sókè kó lè dé ẹ̀yìn dáadáa. Inú mi dùn, mo ń sọ fún yín lọ́kàn mi pé ó ti dé o. Ní Idimu, mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, ojú Mọ́mì ò rí bí mo ṣe rò. Nígbà tí a dé Ikotun, wọ́n ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ṣí akoto.

“Pa á, jàre.”

Mo pa á. Mo rò pé ariwo ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kì í ṣe ariwo. Wọ́n wá ń ṣàlàyé, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní nílé, ìwé ìròyìn ló máa ń bo ojú yín, bí ẹ bá ti kí wọn tán láàárọ̀, ó di alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò kú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Láti Egbeda dé Igando, ẹ ò ní wẹ̀yìn, ẹ ó kàn máa sọ ọ́: bí ìyá yín ṣe kú, àwọn tó fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ẹrù tí kò dé níbi iṣẹ́, bí ẹ̀rù ṣe ń bà yín pé ilé náà lè má parí. Wọn ò lè dá yín lóhùn nítorí akoto àti afẹ́fẹ́, ni ẹ bá jọ fẹnu kò sí àmì kan. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn yín léjìká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tún un sọ. Wọ́n ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àtàǹpàkò yín á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì yẹn, bí ẹni pé rédíò ṣì ń pariwo tí ẹ fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Ọdún méjì tí rédíò yẹn fi kú,” ni Mọ́mì wí, “ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí mo fẹ́.”

Ẹ wò ó, inú ọdún méjì yẹn lẹ kọ lẹ́tà kẹrin. Ṣé torí ẹ ò nílò rédíò mọ́ lẹ ṣe dákẹ́? Tàbí ẹ ti sọ̀rètí nù nípa tèmi, tí ọ̀rọ̀ sísọ sì kàn wá bá yín lójú ọ̀nà? Mo fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.

Mọ́mì dé akoto padà, a gbéra. Rédíò dákẹ́. Ó ku ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́, àti òórùn ààtàn tí ẹ máa ń sọ pé wọn á ti kó kúrò kí ilé wa tó parí. Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ṣe nǹkan kan. Mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá, láìwẹ̀yìn: pé ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n ra rédíò nítorí wọn, pé mi ò ka ọ̀kankan títí ẹ fi kú.

Ọwọ́ Mọ́mì kàn mí léjìká lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún un sọ. Mo gbé ohùn sókè lọ́tẹ̀ yìí, tó fi jẹ́ pé àwọn aláṣọ funfun kan tó ń fẹsẹ̀ lásán bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò mí. A kọjá wọn. A kọjá ilé epo. A ti ń yà sí àdúgbò wa kí ọwọ́ náà tó padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé yín.

Koríko ti hù láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù. A fà á tu. Nígbà tí à ń bọ̀, Mọ́mì ní kí n tan rédíò, wọ́n fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣe.

Èmi ni,
ìyá yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.